Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Wá Àna Rẹ̀ Kiri Àbàtà, Ọ̀dàn àti Igbó

"Wọ́n dà?"

Ọdẹ́rìndé ọdẹ ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ wà ní imú rẹ̀, ẹrẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀, àyà rẹ̀ kò sì tíì kúrò nílẹ̀ tán bí ó ti ń bèèrè. Afẹ́fẹ́ òkun gbọ́, kò dáhùn. Àwọn ẹyẹ funfun tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró nínú omi gbọ́, wọn kò dáhùn. Akàn kan yọjú níhò, ó wo ọdẹ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì padà wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí ọdẹ ń bèèrè kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ènìyàn sọ nù. Àna rẹ̀ ni, ìyá tí ó bí Ẹbùn ìyàwó rẹ̀.

Bàbá ọdẹ fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí, lábẹ́ ahéré tí wọ́n ti ń gún ẹyìn, nígbà tí òjò bá dá àwọn èèyàn dúró. Á kọ́kọ́ gbọn fìlà rẹ̀, á wá fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Òun, ọmọ òkè ọ̀hún ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìdọ̀bálẹ̀ kí ó tó mọ ìrìn. Ẹbùn, ọmọ etí òkun ni, láti ìlú kan tí à ń pè ní Etíyanrìn. Ẹbùn bímọ. Ọmọ náà pé, ó lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀, igbe rẹ̀ sì lè jí òkú ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò lajú. Wọ́n fi omi tútù nù ún lójú, kò lajú. Wọ́n fín omi ọmú sí i, kò lajú. Ẹbùn ní nínú ìran tòun, ọmọ kì í lajú àfi tí ìyá ìyá rẹ̀ bá ki oríkì rẹ̀ sí i létí, odidi oríkì, láìfo ẹyọ kan.

"Lọ mú ìyá mi wá," ni ó wí. "Bí oṣù tuntun bá fi lé tí ọmọ yìí ṣì dijú, ojú náà kò ní là mọ́ láéláé. Bí o kò bá sì mú ìyá mi bọ̀, Ọdẹ́rìndé, inú igbó ni kí o kúkú máa gbé."

Ọdẹ lọ. Ó dé Etíyanrìn, àna rẹ̀ sì gbà láti tẹ̀ lé e. Wọ́n di ẹja gbígbẹ sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e rù, ó di ọ̀nà. Etí àbàtà ni ilẹ̀ ṣú wọn sí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí ó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni oṣù tuntun yóò lé, Ọdẹ́rìndé rí i pé àna òun ti jí ṣáájú òun, wọ́n ti dúró, agbọ̀n ti wà lórí. Ojú tì í. Ó ṣe ohun tí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ó na gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ara yín le? Ẹ má bínú pé ẹ ṣáájú mi jí o, ẹ̀yin ìyá rere!"

Kò gbọ́ "dìde". Ó ní bóyá ìkíni òun kò tó, ó tún kí wọn. Ó kí wọn bí wọ́n ṣe sùn, ó kí wọn bí wọ́n ṣe jí, ó kí wọn kú ìnáwó ẹja. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó gbé orí sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ipasẹ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ tààrà wọnú àbàtà.

Tí ó bá dé ibí yìí, Rábíù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe á dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá ọdẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ ipasẹ̀ ẹkùn lórí àpáta, ẹ̀yin lẹ sọ odidi àgbàlagbà obìnrin nù lójúmọmọ?"

"Pa ẹnu rẹ dé, Rábíù. Ẹkùn tí mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ìgbà wo ni mo dọ̀bálẹ̀ kí i?"

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ àbàtà. Ẹ̀yin ará, àbàtà yẹn kì í ṣe àbàtà tí ènìyàn ń ti ojú oko wò. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń mí. Bí o bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún fún un, á ní òsì dà. Àwọn igi ibẹ̀ gbé gbòǹgbò wọn sókè bí obìnrin tó ká ìró kí omi má baà rin ín, bí o bá sì yí ojú kúrò lára wọn, wọ́n á sún síwájú díẹ̀. Ọdẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé igi mẹ́ta tí òun ti kọjá ti tún wà níwájú òun. Ó bú wọn, wọ́n dúró.

Kò pẹ́ tí ó fi bá ọkùnrin kan tó ń ju àwọ̀n sórí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí ọkùnrin náà ń kó bọ̀ kì í ṣe ẹja, òjìji ẹja ni. Á gbọn ọ̀kan jáde, á ká a bí ewé, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni ọdẹ wí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ọkùnrin náà yí padà wo ẹ̀yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ni àwọn tí o ń kí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, àna mi ni mò ń wá. Ǹjẹ́ wọ́n kọjá níbí?"

"Wọn kò kọjá."

"Ipasẹ̀ wọn rèé nílẹ̀."

"Ipasẹ̀ wọn kọ́. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni."

"Ipasẹ̀ ta?"

"Ìyá kan. Ó ru agbọ̀n ẹja. Ó kí mi, mo kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tí o ń wá, wọn kò kọjá. Bí wọ́n bá kọjá, ẹrẹ̀ ì bá ti dàrú."

Ọdẹ́rìndé dìde nílẹ̀. Ìyá kan? Ó? Ṣé ẹni tí apẹja-òjìji lè la ẹnu pè ní "ó" ni yóò jẹ́ àna ọmọ ọkùnrin? Ó rò ó, ó tún un rò. Àna tòun, ènìyàn ńlá ni wọ́n. Ẹni tó kọjá yìí, "ó" lásán ni. Nítorí náà ipasẹ̀ yìí kì í ṣe tiwọn, ẹlòmíràn ni ẹrẹ̀ fi ń tan òun jẹ. Bí ọlọ́gbọ́n bá máa ṣìnà, ọgbọ́n rẹ̀ náà ni yóò mú un lọ́wọ́ lọ. Ó kúrò lójú ipasẹ̀, ó yà sí apá òsì láti wá ipasẹ̀ àwọn èèyàn pàtàkì.

Kò tíì rìn jìnnà tí àbàtà fi gbé e dé orúnkún. Ó fà, ó dé ìdí. Ó ké, ó dé àyà. Ó gbé ìbọn sókè kí ó má baà tutù, ẹrẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ilẹ̀, kì-kì-kì, bí ìkòkò tó ń hó. Ìgbà yẹn ni ọdẹ rántí pé kò sí ohun tí Elédùwà dá tí orí rẹ̀ kì í wú bí a bá kì í. Ó bẹ̀rẹ̀:

"Ẹrẹ̀ o! Ìwọ ọmọ omi tó kọ̀ láti ṣàn, ọmọ ilẹ̀ tó kọ̀ láti le! Ìwọ tí o gba bàtà ọba láìwo adé! O gbé erin mì, o kò bu omi mu sí i! Agbẹ́nimì-má-fọhùn, dìde kí n rí ọ!"

Inú ẹrẹ̀ dùn. Ó gbọn ara, ó wú sókè bí àkàrà nínú epo gbígbóná, ibi tó ti ń jó ni Ọdẹ́rìndé ti yọ́ jáde, ó sì yí gbirigbiri lọ bá ilẹ̀ líle.

"Mo ti ki ọba rí, ẹnu mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀," ni bàbá ọdẹ máa ń wí níbí yìí, á sì wo ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹnìkan á fi mi orí.

Ilẹ̀ líle náà, ọ̀dàn ni. Ọ̀dàn tó tẹ́ rẹrẹ, kò sí igi, kò sí òkúta, koríko nìkan, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ara kìnnìún. Gbogbo koríko ibẹ̀ ń tẹ̀ síhà kan, nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́. Ọdẹ wá ipasẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, kò rí. Ipasẹ̀ ẹnìkan yẹn náà ló tún rí, ó ń gba àárín ọ̀dàn lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Orí rẹ̀ dàrú. Ó jókòó tì í, ó wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo àlọ́.

Bí ó ti jókòó ni ọkùnrin kan yọ, ó pọn ilẹ̀kùn bí ẹni pọn ọmọ. Ó tú ọ̀já, ó sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀, ó nà án ró ní àárín pápá. Kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí ògiri lósì. Ó bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ó ní, "Kan ilẹ̀kùn."

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn wà níwájú rẹ̀. Ó gba òsì. Ilẹ̀kùn wà níwájú rẹ̀. Ó sá eré tí ìgalà ń sá, ilẹ̀kùn náà sá. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Irọ́. Èmi ni mo wà nínú ilé."

"Èmi tí mo wà níta ni mò ń wí."

"Bí èmi bá wà níta, ta ló ń dá ọ lóhùn nínú ilé?"

Ọdẹ wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo wà níbí."

"Mo gbọ́. Mo ní èmi ti wọlé, èmi ti jẹun, èmi ti na ẹsẹ̀. Ìwọ ta ni?"

"Bàbá ọdẹ," Rábíù á ké, "kí ló dé tí ẹ kò yìnbọn lu ilẹ̀kùn náà?"

"Kí n yìnbọn! Bí ó bá wá jẹ́ pé èmi ni mo wà nínú ilé ńkọ́?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, òjò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ahéré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti kúrò ní àtàrí. Ó rò pé bóyá òun kọ́ ni òun, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà á ju ẹrẹ̀ lọ. Níkẹyìn ó fi ohùn kékeré wí pé, "Ọdẹ́rìndé ni."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà tún ọ̀já mú, ó pọn ọ́n padà. "O pẹ́ jù," ni ó wí. "Ìyá kan ti ṣáájú rẹ kọjá, òun kò dà mí láàmú rárá. Ó kàn sọ pé, 'Orímisàn ni,' ilẹ̀kùn sì ṣí."

"Àna mi ńkọ́? Ṣé wọ́n kọjá?"

"Kò sí àwọn kankan tó kọjá."

Orímisàn. Ọdẹ́rìndé yí orúkọ náà lẹ́nu. Kò mọ Orímisàn kankan. Kò sì mọ orúkọ tí wọ́n sọ àna rẹ̀, ta ló ń pe àna lórúkọ tí yóò fi mọ̀ ọ́n? Ó fi orúkọ náà sílẹ̀ bí ẹrù onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ipasẹ̀ mìíràn ní gbogbo ọ̀dàn, ó ní ẹni tí kò rí àgbà bá lọ, kó bá ẹni tó rí lọ. Ó tọ ipasẹ̀ Orímisàn tí kò mọ̀.

Ipasẹ̀ wọ igbó. Igbó tó dákẹ́ ni, ewé ibẹ̀ kò já lulẹ̀, ńṣe ni ó ń já lọ sókè, ẹyẹ ibẹ̀ sì ń kọrin pẹ̀lú ẹnu pípadé. Láàárín igbó náà ni ìlú kan wà tí kò ní ilé, gbàgede nìkan ló ní. Wọ́n gbá gbàgede náà mọ́ féfé. Ní àárín rẹ̀ gan-an ni obìnrin kan jókòó sí lórí gbòǹgbò igi, agbọ̀n ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sọ́nà.

Ọdẹ mọ ẹ̀yìn náà. Àna rẹ̀ ni!

Inú rẹ̀ dùn, ó sáré, ó ṣubú gbalaja sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ìyá mi! Ẹ kú làálàá! Ẹ̀yin ni mo ti ń wá!"

"A dúpẹ́ o, ọkọ Ẹbùn," ni wọ́n dáhùn.

Ohùn tó dáhùn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọdẹ gbé orí. Obìnrin kún orí gbòǹgbò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, ilà kan náà, eyín iwájú kan náà tó ti ká, gèlè aláwọ̀ ẹlú kan náà. Olúkúlùkù ní agbọ̀n ẹja.

Ìpayà mú un, ó sì ṣe ohun tí ìpayà máa ń mú ọmọlúàbí ṣe. Ó tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ta ni nínú yín gan-an ni ẹ̀yin?"

"Àwa ni," ni wọ́n dáhùn. Ó gbé orí, wọ́n ti kún gbogbo gbàgede.

"Ta ló bí Ẹbùn nínú yín?"

"Àwa la bí i."

"Ẹ ki oríkì ọmọ náà kí n gbọ́!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní "ọmọ", ìkejì ní "omi", òmíràn láti ìkángun ní "tí kò", ẹnìkan lẹ́yìn ní "yanrìn". Oríkì náà fọ́ káàkiri gbàgede bí ẹ̀gbà ọrùn tó já, kò sí ẹni tó lè ṣà á jọ. Lórí igi, ohùn kan tí kò ní ara wí fún ọdẹ pé: "Mú ọ̀kan, máa lọ. Bí o bá mú èyí tó jẹ́ ènìyàn, ó jẹ́ tìrẹ. Bí o bá mú iwin, iwin ni yóò la ọmọ rẹ lójú, iwin nìkan ni ọmọ náà yóò sì máa rí títí ayé."

Ọdẹ́rìndé gbóòórùn wọn bí ọdẹ ti ń gbóòórùn ẹran: ẹja gbígbẹ ni gbogbo wọn ń rùn. Ó wo òjìji wọn: gbogbo wọn ní òjìji. Ó wo ẹsẹ̀ wọn: ẹrẹ̀ àbàtà wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ó pa àlọ́, wọ́n já a lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ti ní "ẹ jọ̀ọ́", wọ́n pọ̀ sí i. Bí ó bá ti ní "ẹ má bínú", wọ́n pọ̀ sí i, títí wọ́n fi ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Láàárín ewé, ojú ọ̀run ti ń pọ́n. Kò ní pẹ́ mọ́ tí oṣù tuntun yóò yọ ìwo rẹ̀ tín-ín-rín. Ọdẹ rántí ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń yí orí síhà ohùn, tí kò tíì rí ẹni tó ni ohùn. Ó ju ìbọn sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó gbàgbé ọgbọ́n, ó gbàgbé ògbójú, ó bú sẹ́kún, ó sì gbàdúrà.

"Ọlọ́run, ìwọ tí o dá mi, gbà mí! Ìwọ tí o mọ ẹni tí mò ń wá, fi hàn mí! Ìwọ nìkan ni mo..."

Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò padé.

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu òun wí. Ìwọ. Ọlọ́run tó dá òkun, tó dá àna, tó dá baba tó kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀: "ìwọ" ni ó ń pè é láti kékeré. Kò sì sí ẹni tó gbá a létí fún un rí. Kò pè é ní "ẹ̀yin", nítorí pé ẹyọ kan ni. Ta wá ni òun ti ń pè láti òwúrọ̀, bí kò ṣe gbogbo ẹni tí kò sí níbẹ̀? Ilẹ̀ yìí kò mọ àpọ́nlé. Ohun tí ènìyàn bá sọ nìkan ló ń gbọ́.

Ó mọ ohun tí yóò ṣe, kò sì lè ṣe é. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ọlọ. Ẹ̀yin ará, ó ti dojú kọ efọ̀n rí, ó ti sùn nínú ihò ọ̀yà pẹ̀lú ejò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yìí, òógùn bò ó. Ó di ojú méjèèjì pinpin. Ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibi tí ìgbátí baba rẹ̀ máa ń bọ́ sí.

"Ìyá," ni ó wí. "Ìyá... ìwọ dà?"

Ariwo kan sọ, bí ìgbà tí ẹyẹ púpọ̀ bá jọ fò lórí oko ìrẹsì.

Ó la ojú. Gbàgede ti ṣófo. Kò tilẹ̀ sí gbàgede mọ́, igbó ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ni, láàárín igi méjì ni òrùlé ara rẹ̀ ti hàn, tí igbe ọmọ rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá, oṣù tuntun kò sì tíì yọ. Níwájú rẹ̀ gan-an, ní ẹ̀bá ibi tí orí rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ó bá na ọwọ́ ni ì bá ti dì í lẹ́sẹ̀ mú, obìnrin kan ṣoṣo jókòó. Ó ń gbọn yanrìn kúrò lára ẹja. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na agbọ̀n sí i kí ó bá òun gbé e.

"Èmi nìyí, ọkọ Ẹbùn," ni ó wí. "Ta ni o ti ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?"